Erin Ò Tíì Kú, Ọ̀bẹ Ti Kún Malete

Ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ohun tó ń ṣáájú àti ohun tó ń tẹ̀lé e. Erin ló kọ́kọ́ ń kú. Á wó lulẹ̀, ìró rẹ̀ á dé abúlé kejì, kí ẹnikẹ́ni tó sáré wọlé lọ mú irin. Ọdẹ á yọ tirẹ̀ lákọ̀, alápatà á gbé èyí tó mú jù dé, ìyàwó ilé á mú èyí tó fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́, ẹni tí kò ní rárá á lọ máa pọ́n àfọ́kù páànù lára òkúta. Ẹran ló pe gbogbo wọn jáde. N ò gbọ́ ìtàn kankan rí níbi tí wọ́n ti kó ọ̀bẹ jọ, tí wọ́n jà nítorí ọ̀bẹ, tí ọ̀rẹ́ méjì pínyà nítorí ọ̀bẹ, tí wọ́n wá rántí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé ẹnì kankan ò tíì lọ sígbó.

Ìtàn náà ti wà báyìí. Malete ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Malete wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, lẹ́yìn Ìlọrin, ní Ìpínlẹ̀ Kwárà. Ọdún 2009 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀ síbẹ̀, KWASU tí gbogbo ayé ń pè é, láti ìgbà náà sì ni ilé akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti ilé ìṣáájì fóònù ti ń lé oko sẹ́yìn. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ dé, bọ́ọ̀lù ò ní ṣàì sí níbẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan á pe èkejì níjà, ọlọ́dún kẹta á fẹ́ gbẹ̀san lára ọlọ́dún kẹrin, àwọn ọmọ ìlú náà á kó ara wọn jọ lẹ́yìn ìrun Alásàrí, eruku á sọ lálá.

Nígbà kan, ẹnu la fi ń gbé irú eré bẹ́ẹ̀ délé. Ẹni tó lọ sí pápá á ròyìn fún ẹni tí kò lọ, bó bá sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ibi tí wọ́n ti gbá gólù náà á máa jìnnà sí i títí tí yóò fi délé. Rédíò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn Ernest Okonkwo, asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, nìkan tó láti jẹ́ kí odindi Nàìjíríà máa wo bọ́ọ̀lù tí wọn ò fojú rí. Lóde òní, ẹnu ò tó mọ́. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló fẹ́ háíláìtì, fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n ti ṣa ibi tó dùn jù nínú àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú jọ. Ọ̀kan fẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì kan rí òun ní Pọtogí. Òmíràn fẹ́ kí ọmọbìnrin kan rí òun ní yàrá kẹta. Méjèèjì ló tọ́, n ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á yan ìgbìmọ̀ fídíò. Ìgbìmọ̀ á jókòó síwájú ilé ìṣáájì, níbi tí wáyà ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Wọn ò ní béèrè ta ni yóò di kámẹ́rà mú. Wọn ò ní béèrè ibi tí onítọ̀hún yóò dúró sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu alága ni pé, "Sọ́fíwià wo la máa lò?" Bí ọ̀bẹ ṣe ń jáde lákọ̀ nìyẹn.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ẹ́dítọ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé òun ló ń gé fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Á ní Adobe Premiere Pro ni, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Premiere ti wà lóòótọ́ láti 1991. Ní 2013 ni Adobe pinnu pé àwọn ò ní tà á fún ènìyàn kó máa gbé e lọ mọ́, owó oṣooṣù ni kí oníkálukú máa san, ní dọ́là. Ọ̀gá Ẹ́dítọ̀ ò san kọ́bọ̀. Kíráàkì ni tirẹ̀, inú fláàṣì ẹnìkan ló ti rí i. Ìwé kékeré tó bá kíráàkì náà wá pàṣẹ pé kó pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kí àwọn tó lè wọlé. Ó pa á. Láti ọjọ́ náà ni láptọ́ọ̀pù ti ń ṣí ojú ewé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ lóru, Ọ̀gá Ẹ́dítọ̀ sì ní ìmọ́lẹ̀ iná ọba tó ń lọ sókè sódò ló fà á.

Ẹnì kejì á ní Final Cut Pro. Lára kọ̀ǹpútà, orí Mac nìkan ni Final Cut ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní Mac. Kò mọ ẹni tó ní Mac. Ṣùgbọ́n ó ti fi dátà oṣù kan wo àwọn òyìnbó tó ń fi Final Cut wé Premiere, ó mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ àti ìka tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ Final Cut láìdáa níwájú rẹ̀, kò ní kí yín mọ́.

Ẹnì kẹta, onígíláàsì kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, á ní Kdenlive, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé ẹni tó bá ṣì ń lo Windows, ẹrú ni. Ẹnì kẹrin á rẹ́rìn-ín wọn, á ní DaVinci Resolve. Ìtàn ọ̀bẹ yìí dára gbọ́. Nígbà tí da Vinci wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe ni, owó rẹ̀ ń wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là, àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá ló lágbára rẹ̀. Ní 2009, Blackmagic Design ti Ọsirélíà rà á, wọ́n sọ ọ́ di sọ́fíwià, wọ́n sì ń fún ènìyàn lẹ́yà kan rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó ń jẹ́ Studio, 295 dọ́là ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń san án. Ká ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, 442,500 náírà nìyẹn. Alágbàwí Resolve yìí ò nílò Studio. Ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tó o. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe é ní kí RAM láptọ́ọ̀pù tó 16 GB kó tó lè mí, 4 sì ni tirẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kó tó lọ kírun ọ̀sán. Nígbà tó dé, àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lójú síkíríìnì, fáànù ń ké. Kí ló tilẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe ṣe? Ó fẹ́ sọ koríko pápá di àwọ̀ ewé, nínú ọyẹ́, lóṣù kìn-ín-ní.

Ọmọbìnrin kan jókòó lórí búlọ́ọ̀kù létí ibẹ̀. Á ní CapCut ti wà lórí fóònù òun, òun sì lè parí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló ti parí fídíò kankan rí, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi dá a lóhùn. Wọ́n á ní ọ̀bẹ ọmọdé ni. Wọ́n á rán an létí pé ByteDance, àwọn tó ni TikTok, ló ni ín, àti pé nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ká wọn mọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2025, CapCut dákẹ́ lórí fóònù àwọn ará ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí a bá gbé sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo kíráàkì ló ń sọ èyí fún un o.

Àríyànjiyàn yìí kì í parí, iná ló ń lọ. Bí iná bá dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Ọ̀sẹ̀ méjì á pé.

Ọjọ́ àṣekágbá. Àwọn ọlọ́bẹ jókòó síbi ìwòran, oníkálukú pẹ̀lú pọ́ńbélé ìmọ̀ rẹ̀. Jámbáìtì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ní kó fi fóònù rẹ̀ máa ya á. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ilé, ó gbé fóònù ní òòró, ó sì fi ìka sún àwòrán mọ́ra títí tí aṣọ́lé fi di ẹyọ àwọ̀ mẹ́rin tí kò mọ ara wọn. Ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, fóònù ní àyè òun ti kún. Ó pa fọ́tò ìyá rẹ̀ rẹ́ láti rí àyè. Bí ẹni pé ìyá náà gbọ́, ó pè láti Òmù-Àrán láti mọ̀ bóyá ọmọ ti jẹun, fídíò dúró gbagidi, wọ́n sì gbá pẹnáritì kan kọjá ní àsìkò náà. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, gólù tó gba ife wọlé. Ọmọ náà fò sókè. Fóònù fò pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó wà nínú fáìlì náà títí di òní ni àwọsánmà funfun kan tó mọ́ gaara, apá bàtà ẹnìkan, àti ohùn kan tó ń pariwo "Ọlọ́hun o!"

Alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́bẹ yí òkú ọ̀hún ká. Wọ́n wá erin títí, èkúté ni wọ́n rí.

Ṣé wọ́n dákẹ́? Rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ ṣe ohun tí ọ̀bẹ ò lè ṣe. Wọ́n fi iná tó ń jó sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ ìgbìmọ̀ sí i, orúkọ náà yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jókòó. Wọ́n ní kí àṣá gbé bọ́ọ̀lù kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá ogójì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbá nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí agbábọ́ọ̀lù kan ti tan méjì jẹ létí ìlà, wọ́n ní kó máa rọra lọ, slow motion tí wọ́n rí lára òyìnbó. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti já wọn kulẹ̀. Àwòrán 30 ni fóònù yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá fà á gùn sí mẹ́rin, àwòrán méje ààbọ̀ ló kù fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, eré á máa ta kángẹ́kángẹ́. Sọ́fíwià á wá ní kò burú, òun á méfò ohun tó wà láàárín, á sì fún bọ́ọ̀lù ní orí méjì, á fún agbábọ́ọ̀lù ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ slow motion, orí pápá ló ti ń yan án, kó ya á ní 60 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìṣáájì kọ́ ni wọ́n ti ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi erin tó kú lóòótọ́ hàn yín, ọmọ Kwárà yìí náà sì ni, ọmọ Ìrá. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, ní pápá Cotton Bowl ní ìlú Dallas, Nàìjíríà ń gbá eré rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Ife Àgbáyé láti ìgbà tí a ti dáyé, Bùlùgéríà ló wà níwájú. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Finidi George gba ọwọ́ ọ̀tún gbé bọ́ọ̀lù kọjá níwájú ilé, Rashidi Yekini tì í wọlé. Ó tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù wọ inú ilé, ó na ọwọ́ méjèèjì gba ojú àwọ̀n jáde, ó di àwọ̀n mú, ó ń sunkún, ó ń ké. Gólù àkọ́kọ́ Nàìjíríà ní Ife Àgbáyé nìyẹn. 3-0 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní 2012 tí Yekini kú, Ìrá ni wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó fi di àwọ̀n mú yẹn, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ bi ara yín: sọ́fíwià wo ni wọ́n fi gé e? Premiere ti wà láyé nígbà yẹn, kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Kámẹ́rà kan wà lẹ́yìn àwọ̀n, ojú rẹ̀ kọ sí Yekini gan-an, ẹni tó dì í mú ò sì fò. Mo mọ̀ pé n óò gbọ́ pé ẹ̀yìn ilé náà ni jámbáìtì wa dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ya ti Dallas ní òmíràn lókè tó ń wo gbogbo pápá, ẹni tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo kì í gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ro ó wò ká ní ìgbìmọ̀ wa ló gba fídíò Yekini gé. Iná ì bá ti máa jó létí àwọ̀n. Orin ì bá ti bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà WhatsApp alága ì bá sì kọjá lójú rẹ̀ níbi tí omijé wà.

Àwọn tó sọ iṣẹ́ háíláìtì di ńlá ní Amẹ́ríkà pàápàá, pápá ni wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ. Ed Sabol gba kámẹ́rà fíìmù kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó, ó fi ń ya ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà níléèwé. Ní 1962, ó san 3,000 dọ́là fún NFL, líìgì bọ́ọ̀lù ọ̀hún, kí wọ́n lè jẹ́ kó ya àṣekágbá wọn. Òtútù mú lọ́jọ́ náà débi tí kámẹ́rà ń dì. Ilé-iṣẹ́ tó ti ara rẹ̀ jáde, NFL Films, ló kọ́ tẹlifíṣọ̀n ayé ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń ṣe títí dòní, ìrìn tó ń rọra lọ, orin ńlá, ohùn wúwo. Ẹ wo ibi tí owó Sabol lọ. Ẹ̀tọ́ láti dúró létí pápá ló rà. Kò ra àlùmọ́gàjí.

Ní tiwa, owó kọ́ ló tilẹ̀ wọ́n jù. Ẹsẹ̀ ló wọ́n, ẹsẹ̀ tí yóò gun òkè kan. Ẹni tó bá fẹ́ ya bọ́ọ̀lù, àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́ pápá ni kó wà, lórí ohun tó ga: pèpéle ìwòran, àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí ó bá rí èyí tó dúró. Eré ìrọ̀lẹ́ ni tiwa, aago mẹ́rin, oòrùn ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni kó dúró sí, kí oòrùn máa lu ẹ̀yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo agbábọ́ọ̀lù á di òjìji. Kó gbé fóònù ní ìbú. Kó má sún àwòrán mọ́ra. Kó fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfúrufú, ìyá tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ti jẹun á dúró di lẹ́yìn eré. Bí eré bá wọ alẹ́ lábẹ́ iná, kó rántí pé iná mànàmáná wa, ìgbà 50 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, gílóòbù á máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100, ojú lásán ò ní rí i ṣùgbọ́n kámẹ́rà á rí i, àwòrán á máa mọ́, á máa ṣókùnkùn. Bí fóònù bá gbà á láyè, kó fi shutter sí 1/50 tàbí 1/100. Kò sí sọ́fíwià tó lè wo ìyẹn sàn pátápátá.

Àyè náà ńkọ́? Fóònù iPhone tó ń yà á ní 1080p, àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ń jẹ bíi 60 MB ní ìṣẹ́jú kan bó bá fi HEVC fún fídíò náà pọ̀, bíi 130 MB bó bá fi H.264 fún un pọ̀. Ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ ní 90 kò le: bíi 5.4 GB lápá kan, bíi 11.7 GB lápá kejì. Ẹ̀tàn kan wà nínú èyí tó kéré. HEVC ń fi àyè pamọ́ lórí fóònù, ó wá ń fìyà jẹ láptọ́ọ̀pù àgbà, torí pé iṣẹ́ tó máa ṣe láti tú u pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bú Premiere pé ó ń wúwo, fáìlì HEVC ni wọ́n gbé lé e lórí. Wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á lọ wá ọ̀bẹ mìíràn, ìyẹn náà á wúwo.

Ẹnì kejì tó yẹ kó wà lórí pápá kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ìwé àti bírò ni. Yóò jókòó ti ẹni tó ń ya á, á máa kọ ìṣẹ́jú tó wà lójú fóònù sílẹ̀: 23, nọ́ńbà 10 tan ẹni méjì jẹ, 41, aṣọ́lé fò, 67, gólù. Ẹni tó bá ti ní ìwé yìí, wákàtí kan tó o láti gé eré. Ẹni tí kò ní in á jókòó wo gbogbo àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i, á sùn lọ ní ìṣẹ́jú 38. Ohun kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ń sanwó fún ènìyàn láti ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣe fídíò kan rí lórí bírò, nítorí náà ìgbìmọ̀ wa ò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ó dára, ẹ fẹ́ kí n dárúkọ ọ̀bẹ. Mo mọ̀ pé bí n ò bá dárúkọ rẹ̀ ẹ ò ní jẹ́ kí n sinmi. Fún láptọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀ ní Malete, èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB tí bátìrì rẹ̀ ò sì tó wákàtí kan, ẹ kọ́kọ́ wá LosslessCut. Ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gé ibi tí ẹ tọ́ka sí kúrò nínú fáìlì, láìtú u, láìtún un kọ, nítorí náà kì í rẹ láptọ́ọ̀pù. Ojú ibi tó ń gé sí lè yẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan sílẹ̀ níwájú. Inú rẹ̀ ni FFmpeg wà, iṣẹ́ ọwọ́ tí Fabrice Bellard, ọmọ Faransé, bẹ̀rẹ̀ ní 2000, tí ọ̀pọ̀ fídíò ayé ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pariwo orúkọ rẹ̀ níwájú ilé ìṣáájì. Nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú bá ti di mẹ́wàá, ẹ wá gbé mẹ́wàá náà lọ sínú Shotcut tàbí Kdenlive, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà, wọ́n sì lè ṣe proxy fún yín, ìyẹn ẹ̀dà fúyẹ́ tí ẹ ó máa gé nígbà tí ojúlówó ń dúró. Onígíláàsì yẹn gba máàkì kan níbí o, bí kò tilẹ̀ yẹ kó pe ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó 16 GB tí káàdì àwòrán rẹ̀ sì dáa, kó lo Resolve ọ̀fẹ́, kò ní kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan sí i lójú fídíò, á sì gbé e jáde títí dé Ultra HD. Ẹni tí fóònù nìkan ló ní, kó lọ jókòó ti ọmọbìnrin orí búlọ́ọ̀kù. Ó ti tó.

Ṣé ẹ rí i pé ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló gbà? Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ torí rẹ̀, ọ̀gá tó ń yan agbábọ́ọ̀lù. Ó wà níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú fídíò tí kò ní ìparí. Ohun tó ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ń pa orin. Lẹ́yìn náà á wá ẹni tí wọ́n ní kí òun wò láàárín ènìyàn méjìlélógún, bí ẹ ò bá fi àmì roboto yí i ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á máa wo ẹlòmíràn, ó sì lè fẹ́ràn ẹlòmíràn. Kò fẹ́ kí fídíò bẹ̀rẹ̀ láti orí gólù. Ó fẹ́ rí ibi tí ọmọ náà dúró sí kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó wẹ̀yìn wò, ó fẹ́ rí ohun tó ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, kí èyí tó dára jù wà níwájú. Bó bá dùn mọ́ ọn, odindi eré ni yóò béèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Hudl, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Nebraska ní 2006, tí wọ́n sì ra Wyscout ti Ítálì ní 2019, di ńlá nítorí pé olùkọ́ bọ́ọ̀lù fẹ́ wo odindi eré. Ibi tí àwọsánmà funfun yẹn ti ń já ọmọ ènìyàn kulẹ̀ nìyí. Ẹni tó ní odindi eré lọ́wọ́ lè ṣe háíláìtì mẹ́wàá, àmọ́ háíláìtì mẹ́wàá ò lè ṣe odindi eré.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ya á. Ní 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kwara United gba ife President Federation Cup, pẹnáritì ni wọ́n fi na Abakaliki FC. Pẹnáritì ló rọrùn jù láti yà nínú gbogbo bọ́ọ̀lù: ibi tí bọ́ọ̀lù wà ò ṣòro mọ̀, ibi tó ń lọ náà ò ṣòro mọ̀, gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́. Mo dábàá pé kí jámbáìtì tí wọ́n bá fún ní fóònù fi pẹnáritì kọ́ṣẹ́, kó ya ogún rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń gbáradì, kó wò ó lálẹ́, kó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ ni. Wọ́n ń kọ́ ọ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ fídíò, bí ẹ bá tún jókòó, ẹ wá ẹni mẹ́ta kí ẹ tó dárúkọ sọ́fíwià kankan: ẹni tí fóònù rẹ̀ ní àyè 12 GB, ẹni tó lè kọ nǹkan sílẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú láìsùn, àti ẹni tí kò ní fò bí gólù bá wọlé. Ẹnì kẹta yìí ṣòro rí ní Malete. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.